Iná ìkìlọ̀ níbi sẹ́bírà: èwo lẹ máa rà fún títì yín l'Abuja?

Ẹ̀yin ará wa l'Abuja, ẹ̀yin ẹgbẹ́ òbí nílé ìwé, ẹ̀yin alága ẹ́sítéètì, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tí títì ńlá gba iwájú ẹ̀ kọjá, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ó ti di pé ìpàdé kì í parí kí ẹnì kan má sọ pé ẹ jẹ́ ká ra iná tó ń ṣẹ́jú yẹn ká gbé e síbi sẹ́bírà, ìyẹn ìlà dúdú àti funfun táwọn ọmọ ti ń sọdá, á ṣí fóònù ẹ̀, á fi fọ́tò kan láti Ṣáínà hàn wá, owó ẹ̀ á jọ èyí tápá ká, gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́. Kò burú o. Àmọ́ iná yẹn pọ̀ lóríṣiríṣi, iṣẹ́ wọn ò dọ́gba, owó wọn jìnnà síra, àwọn kan nínú wọn ò sì lè ré ọyẹ́ kan kọjá níbí.

Ẹ kọ́kọ́ wo títì yín

Kẹ́ ẹ tó béèrè èló ni, ẹ lọ dúró lẹ́bàá títì yẹn láàárọ̀, kẹ́ ẹ tún padà lọ lálẹ́, kẹ́ ẹ wo bọ́kọ̀ ṣe ń sáré níbẹ̀. Ẹ má fi ti òfin ṣe, òfin sọ pé 50 kìlómítà ní wákàtí fún inú ìlú, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ ohun tójú ń rí lọ́nà Gwarinpa àti Jabi tí títì bá ti dá. Ọkọ̀ tó ń sá 50, látìgbà tí dẹrẹ́bà ti rí èèyàn títí tí ọkọ̀ á fi dúró pátápátá, á ti rìn tó mítà 35. Tó bá jẹ́ 80 ló ń sá, ó di nǹkan bíi mítà 70, ìyẹn lórí títì tó gbẹ, táyà tó dáa, bíréèkì tó ń mú, èyí tá a mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ Mararaba ló ní in. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, tiẹ̀ sọ pé tí ìsáré ọkọ̀ bá ti kúrò lórí 50 bọ́ sórí 65, ewu pé ẹni tó gbá máa kú ń di ìlọ́po mẹ́rin àbọ̀. Iná ò ní bíréèkì. Gbogbo ohun tó lè ṣe ni pé kí dẹrẹ́bà tètè rí yín, tó bá wá rí yín tán tí àyè àtidúró ò sí ńkọ́?

Ẹ tún wo lénì mélòó lẹni náà máa sọdá lẹ́ẹ̀kan. Lénì kan lọ, lénì kan bọ̀, ìyẹn ò le. Níbi tí lénì bá ti tó méjì tàbí mẹ́ta lápá kan ni wàhálà wà, torí ọkọ̀ tó wà nítòsí á dúró fún yín, ẹ̀ẹ́ máa kọjá níwájú ẹ̀, èyí tó ń bọ̀ ní lénì kejì ò sì rí yín torí ọkọ̀ tó dúró ti bò yín mọ́lẹ̀, ó tún ń bínú pé kí lonítibí dúró ṣe, ló bá yà á sílẹ̀ fìrì. Nítorí ẹ̀, iná yòówù kẹ́ ẹ rà, ìlà tí ọkọ̀ máa dúró sí gbọ́dọ̀ jìnnà sí sẹ́bírà, mítà 6 ó kéré tán, káwọn méjèèjì lè ríra. Ọ̀dà lásán nìyẹn, owó ẹ̀ ò tó nǹkan, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe é.

Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló máa tọ́jú ẹ̀? Mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró síbí yìí díẹ̀. Ìlú tí wọ́n ti ń ṣí ìdérí gọ́tà tà fún bàbánbólà, tí wọ́n ti ń tú bátìrì lára iná tíráfíìkì ìjọba, tí wọ́n ń gé wáyà iná títì, ẹ ò lè gbé nǹkan olówó iyebíye sórí òpó kẹ́ ẹ fi Ọlọ́run ṣọ́ ọ. Tí gátímáànù tàbí ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ ń sanwó fún ò bá sí nítòsí tójú ẹ̀ á máa wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru, ẹ ti mọ irú èyí tẹ́ ẹ ò gbọdọ̀ rà. Ọyẹ́ tún wà, láti November títí wọ February eruku máa bo pánẹ́ẹ̀lì sólà, òjò ò sì ní rọ̀ tó máa fọ̀ ọ́, ó di dandan kẹ́nì kan máa gun àkàbà lọ nù ún.

Kẹ́ ẹ tó sì dé orí iná ìkìlọ̀ rárá, ṣé iná títì wà níbẹ̀ tó ń tàn lálẹ́? Àjọ FHWA tó ń rí sí títì ní Amẹ́ríkà sọ pé iná títì níbi ìkóríta lè dín ìjàǹbá ẹlẹ́sẹ̀ lálẹ́ kù tó 42 nínú 100. Kò sí ẹni tó ń ya fọ́tò ẹ̀ sórí WhatsApp, àmọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe kò kéré.

Iná yẹ́lò tó ń ṣẹ́jú tọ̀sán tòru

Èyí lówó ẹ̀ wálẹ̀ jù. Gílóòbù yẹ́lò kan tàbí méjì lórí òpó, pánẹ́ẹ̀lì kékeré lókè, bátìrì nínú, ó ń ṣẹ́jú láìdákẹ́. Kò sí bọ́tìnì, kò sí sẹ́ńsọ̀, ohun tó lè bàjẹ́ lára ẹ̀ ò pọ̀. Àwọn ará Ìlú Ọba ti ń lo irú gílóòbù yẹ́lò yìí láti 1934, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣẹ́jú níbẹ̀rẹ̀, orúkọ mínísítà wọn ìgbà náà, Leslie Hore-Belisha, ni wọ́n fi pè é, àwọn ìlà dúdú àti funfun sẹ́bírà ò tiẹ̀ tíì dé nígbà yẹn, 1951 ni wọ́n tó dé.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó fún wa ni pé ojú dẹrẹ́bà tètè ń mọ́ ọn lára. Tí iná bá ń ṣẹ́jú ní gbogbo ìgbà, tẹ́nikẹ́ni ò sì sí níbẹ̀ ní ìgbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ìgbà kẹwàá náà wọn ò ní ka á sí. Àwa tiwa tún fi ti hásáàdì kún un. Onímọ́tò Nàìjíríà fẹ́ lọ tààrà níkòóríta, á tan hásáàdì, òjò rọ̀, hásáàdì, kọ́ńfọ́ọ̀ì ń kọjá, hásáàdì, ó fẹ́ ra gúgúrú lójú títì, hásáàdì. Yẹ́lò tó ń ṣẹ́jú ti pọ̀ jù lójú wa, kò já mọ́ nǹkan kan fún ẹlòmíì mọ́. Inú ẹ́sítéètì tàbí títì kékeré ló dáa fún, pẹ̀lú bọ́m̀pù. Kò ṣeé dá gbé sórí títì onílénì mẹ́rin.

RRFB, èyí tó ń dúró de ẹni tó fẹ́ sọdá

RRFB lórúkọ tẹ́ ẹ máa rí lára páálí ẹ̀. Iná LED méjì onígun mẹ́rin ni, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà, lábẹ́ bọ́ọ̀dù tó ní àwòrán ẹlẹ́sẹ̀. Ó máa ń kú sílẹ̀ ni, ó di ìgbà tẹ́nì kan bá tẹ bọ́tìnì tàbí tí sẹ́ńsọ̀ bá rí i, ló wá máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ mọ̀nà kíákíá, lọ́nà tí kò dọ́gba, bíi tọkọ̀ ọlọ́pàá tó ń lé olè. Àìdọ́gba yẹn gan-an lagbára ẹ̀, ojú èèyàn ò lè gbójú fò ó, dẹrẹ́bà sì mọ̀ pé tó bá ti ń kọ báyìí, ẹnì kan wà níbẹ̀ nísinsìnyí.

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, mi ò ní fi pamọ́. Nílùú St. Petersburg ní Florida tí wọ́n ti dán an wò, dẹrẹ́bà bíi 18 péré nínú 100 ló ń dúró fún ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà tí wọ́n gbé e síbẹ̀ ó lé ní 80, lẹ́yìn ọdún méjì kò sì tíì wálẹ̀. FHWA sọ pé ó lè dín ìjàǹbá ẹlẹ́sẹ̀ kù tó 47 nínú 100. Ẹ má retí pé 80 máa dúró ní Nyanya o, àwọn yẹn mọ̀ pé ọlọ́pàá máa bu owó ìtanràn fún wọn, tiwa ń wo bóyá VIO wà nítòsí. Ṣùgbọ́n kódà ká ní ìdajì ẹ̀ la rí, ó sàn ju èyí tá a ní lọ. Nínú àyẹ̀wò yẹn kan náà, nígbà tí wọ́n gbé iná sí etí títì àti àárín títì pọ̀, iye àwọn tó ń dúró tún ga sí i ju ti etí títì nìkan lọ, torí náà tí títì yín bá ní àárín tó ga, ẹ má ṣe ahun, ẹ gbé e síbẹ̀ náà.

Lórí owó, ìṣirò kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 2013 fi í sí bíi 22,000 dọ́là, ẹ̀rọ àti iṣẹ́ pọ̀. Ti Ṣáínà ò sún mọ́ iye yẹn, àmọ́ owó ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n ń pè fún yín. Òpó ńkọ́, kọnkéré ńkọ́, irin tẹ́ ẹ máa fi há bátìrì mọ́, bátìrì mìíràn lẹ́yìn ọdún díẹ̀, owó ẹni tó máa gun òkè lọ wò ó? Ẹ kó gbogbo ẹ̀ jọ kẹ́ ẹ tó pe àwọn èèyàn láti dáwó.

Bọ́tìnì àbí sẹ́ńsọ̀? Ibí yìí lọ́pọ̀ èèyàn ti ń rà á bó ṣe bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Bọ́tìnì rọrùn, kì í jẹ bátìrì, àmọ́ ìyá tó gbé igbá lórí, tó pọn ọmọ, tó tún di nǹkan mú lọ́wọ́, kò ní wá bọ́tìnì kankan kiri, á wo òsì wo ọ̀tún ni, á gbọ̀nà. Nílé ìwé, bọ́tìnì dáa, torí olùkọ́ tàbí gátímáànù ló máa dúró síbẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fáwọn ọmọ. Lọ́jà, sẹ́ńsọ̀ ni. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, sẹ́ńsọ̀ tówó ẹ̀ wálẹ̀ jù, PIR, ooru ara èèyàn ló fi ń mọ̀ pé ẹnì kan dé, ó ń wo ìyàtọ̀ láàárín ooru ara àti ooru àyíká. Lóṣù March sí April tí Abuja bá gbóná dé 37, 38, ìyàtọ̀ wo ló kù? Ó lè má rí èèyàn dáadáa mọ́ lọ́sàn-án gangan, ìyẹn ìgbà táwọn ọmọ iléèwé ń padà bọ̀. Ẹ bèèrè èyí tó ń lo rédà. Tiẹ̀ ni pé ewúrẹ́ àti kẹ̀kẹ́ NAPEP tó ń kọjá nítòsí lè máa tan án lásán, ẹ ní kẹ́ni tó máa fi í sílẹ̀ dín ibi tó ń wò kù, kó kọjú sí ẹnu sẹ́bírà nìkan.

Àwọn nǹkan mìíràn tẹ́ ẹ máa bi ọlọ́jà náà: ṣé òpó méjèèjì ń fi rédíò bára wọn sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ má bàa gbẹ́ títì la wáyà kọjá? Ọjọ́ mélòó ló lè ṣiṣẹ́ tí oòrùn ò bá ràn? Tó bá ní ọjọ́ méjì, ẹ dìde ńlẹ̀, August wa lè ṣú fún ọ̀sẹ̀ kan. Bátìrì wo ló wà nínú ẹ̀? Líṣíọ̀mù onírin, LiFePO4 tí wọ́n ń kọ síbẹ̀, ló ń fara da ooru ju jẹ́ẹ̀lì lọ, ó sì ń pẹ́. Níbo ni bátìrì wà, lókè lórí òpó nínú orí iná, àbí nínú àpótí nílẹ̀? Tó bá wà nílẹ̀, wọ́n á jí i, mo sọ tẹ́lẹ̀.

Iná pupa: tíráfíìkì ẹlẹ́sẹ̀ àti HAWK

Àwọn tó kù ń kìlọ̀, èyí ń pàṣẹ. HAWK, irú iná tíráfíìkì kan fún ẹlẹ́sẹ̀, wá láti Tucson ní Arizona, ó máa ń ṣú dùdù títí ẹnì kan á fi tẹ̀ ẹ́, á ṣẹ́jú yẹ́lò, á dúró lórí yẹ́lò, á wá di pupa gidi kí èèyàn sọdá, níkẹyìn pupa tó ń ṣẹ́jú tó ń sọ pé kí ọkọ̀ dúró, kó wò ó, kó máa lọ tí ẹnì kankan ò bá sí. FHWA fi í sí 55 nínú 100 fún bó ṣe lè dín ìjàǹbá ẹlẹ́sẹ̀ kù. Ó dáa púpọ̀. Ṣùgbọ́n l'Abuja, iná tíráfíìkì tó bá ṣú dùdù, ohun kan ṣoṣo ni dẹrẹ́bà gbà á sí, pé ó ti bàjẹ́, ó sì ti mọ́ ọn lára láti fò ó kọjá. Pupa tó ń ṣẹ́jú náà, ta ló kọ́ wa ní ìtumọ̀ ẹ̀? Èmi á kúkú ní kí wọ́n ṣe iná aláwọ̀ mẹ́ta tí gbogbo ayé mọ̀, kó wà lórí gíríìnì fún ọkọ̀, kó di pupa tẹ́lẹ́sẹ̀ bá tẹ bọ́tìnì, pẹ̀lú nọ́ńbà tó ń kà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àkókò tí wọ́n fún ẹlẹ́sẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Òǹkà tí Amẹ́ríkà ń lò jẹ́ bíi mítà 1.07 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí náà títì tó fẹ̀ ní mítà 12 gbọ́dọ̀ gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 12, ìyá àgbà sì ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ní kí wọ́n fi èyí tó ń dún sí i fáwọn tí ò ríran, pàápàá àwọn tó wà ní sàkáání Jabi níbi tí ilé ìwé àwọn ọmọ afọ́jú wà.

Owó ẹ̀ ga: ìṣirò 2013 yẹn fi HAWK sí bíi 57,000 dọ́là. Ẹ́sítéètì ò lè dá a gbé kalẹ̀, wọn ò tiẹ̀ ní gbà fún yín. FCTA ni ẹ máa kọ̀wé sí fún títì inú ìlú, tó bá jẹ́ títì ìjọba àpapọ̀, ó di ọ̀rọ̀ Federal Ministry of Works. Ẹ lè gba ọwọ́ aṣòfin yín, iṣẹ́ àgbègbè tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún lè gbà á, ó sàn ju bọ́ọ̀hóólù kẹta tí ò ní pọ́nmi lọ.

Iná inú ọ̀dà títì

Santa Rosa ní California ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é láàárín àwọn ọdún 1990: wọ́n gbẹ́ àwọn iná kéékèèké sínú títì lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́bírà, tó ń kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ó rẹwà lálẹ́, fídíò ẹ̀ dùn wò. Lọ́sàn-án oòrùn Abuja á pa á. Tí ọkọ̀ kan bá wà níwájú yín, ẹ ò ní rí i. Tírélà á tẹ̀ ẹ́, iyẹ̀pẹ̀ pupa á bò ó, òjò á wọnú ẹ̀, tí wọ́n bá tún títì ṣe wọ́n á da ọ̀dà bò ó láìbèèrè. Èmi ò ní ná kọ́bọ̀ mi sí i. Ẹ̀yà ẹ̀ kan wà fáwọn tó ń tẹ fóònù lójú ọ̀nà, ilẹ̀ ló ti ń tàn, Augsburg ní Jámánì gbé e síbẹ̀ ní 2016. Tẹ́nì kan bá máa dán ìyẹn wò l'Abuja, iwájú Banex, níbi tí wọ́n ti ń ta fóònù, ni o, kò sí ẹni tó ń gbé orí sókè níbẹ̀.

Bọ́ọ̀dù tó ń sọ iye tí ọkọ̀ ń sá

Rédà wà nínú ẹ̀, ó ń gbé nọ́ńbà síta, tó bá ju òfin lọ á di pupa. Ó máa ń dín ìsáré kù nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun, tí FRSC tàbí VIO ò bá wá síbẹ̀ láti fi ẹsẹ̀ ẹ̀ múlẹ̀, ojú á mọ́ ọn. Àwọn ọmọkùnrin kan tiẹ̀ lè sọ ọ́ di eré, pé ta ló máa gba nọ́ńbà tó ga jù. Ẹ gbé e sí nǹkan bíi 100 mítà ṣáájú sẹ́bírà, kó jẹ́ àfikún lásán.

Èyí tí ò ní iná rárá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú tín-ín-rín wò ó. Sẹ́bírà tí wọ́n gbé ga bíi bọ́m̀pù fífẹ̀, tó dọ́gba pẹ̀lú etí títì, FHWA ní ó lè dín ìjàǹbá ẹlẹ́sẹ̀ kù tó 45 nínú 100, kò lo bátìrì, kò sí ohun tí bàbánbólà máa rí mú lára ẹ̀. Ọkọ̀ tó bá fi ìwà ipá gùn ún, ṣọ́kì ẹ̀ á sanwó ẹ̀. Kò yẹ orí ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì ṣá, ẹ̀ẹ́ kàn máa fọ́ ọkọ̀ ni. Èèyàn tó wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń tàn, tó di àmì STOP mú níwájú ilé ìwé náà wà níbẹ̀, ó lè bá dẹrẹ́bà sọ Hausa, kò sí sẹ́ńsọ̀ tó lè ṣe ìyẹn.

Ọkọ̀ tó ń fúnra ẹ̀ rí èèyàn tó sì ń tẹ bíréèkì, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, tòkunbọ̀ tó pọ̀ jù lójú títì wa ti dàgbà ju ìyẹn lọ.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ilé ìwé tó wà nínú ẹ́sítéètì tàbí lórí títì kékeré ní Kubwa, Karu, Lugbe: sẹ́bírà tó ga, ẹni tó di STOP mú láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, tówó bá ṣẹ́ kù, yẹ́lò sólà kan lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kọjá ìyẹn.

Ilé ìwé, ọsibítù tàbí ilé ìsìn tó wà lórí títì onílénì mẹ́rin tí àárín ẹ̀ ga, bíi ti Wuse, Utako àti Garki: RRFB ni, mẹ́rin lápapọ̀, méjì létí títì, méjì láàárín, bọ́tìnì tó bá ní gátímáànù, rédà tí kò bá ní. Ẹ gba ìwé àṣẹ kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ihò àkọ́kọ́, wọ́n lè wá yọ ọ́.

Ojú ọjà, níbi tí èrò ti ń sọdá láìdáwọ́dúró, RRFB náà á kàn máa tàn ṣáá ni, á sì di ti yẹ́lò tá a kọ́kọ́ sọ. Ibẹ̀ yẹ fún iná tíráfíìkì gidi tó ń kó èrò jọ kó tó jẹ́ kí wọ́n kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́gbẹ́ ọlọ́jà kọ̀wé, kí wọ́n fi fọ́tò sí i, kí wọ́n má dáwó ra nǹkan kan fúnra wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọdá títì Airport Road ní Lugbe tàbí ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì Kubwa, lénì mẹ́wàá tí ọkọ̀ ń sá 100, kò sí iná ìkìlọ̀ tí mo máa júwe fún yín, bó ti wù kí owó tẹ́ ẹ dá pọ̀ tó. Bíríìjì ni. Mo mọ̀ pé ó jìnnà, mo mọ̀ pé ó ṣókùnkùn lálẹ́ táwọn kan sì ń já fóònù gbà lórí ẹ̀, nítorí náà owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra iná tó ń ṣẹ́jú yẹn, ẹ fi ra iná sólà sórí bíríìjì náà, kẹ́ ẹ san owó ẹ̀ṣọ́ kan láti aago mẹ́fà sí mẹ́wàá alẹ́.